Ilẹ̀ Ti Gbogbo Àdúgbò, Ilé Ti Onílé: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Lára Àwọn Ará Puerto Rico

Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní pariwo abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo gbé dé. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, kí ló wá kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ṣé ó ti di lọ́yà ni, àbí ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀? Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Màmá kan wà tó máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Màmá yìí kì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré, kì í jẹ iyọ̀ jù, ó sì máa ń fẹsẹ̀ rìn wá ni, kì í gun ọ̀kadà. Odidi ọdún mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi wà níbi tó yẹ kó wà. Àfi bó ṣe wọlé lọ́jọ́ kan tí mo wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ náà gbé 198 lórí 112 jáde. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo ní kí màmá jókòó sinmi díẹ̀, mo tún un wọ̀n. Kò yàtọ̀. Mo bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ lo oògùn yín lánàá?” Ó ní, “Mo lò ó, ọmọ mi. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé wa ni.”

Dókítà fi oògùn mìíràn kún èyí tó ń lò. Ẹ̀jẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tó yá, a ò rí màmá mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló padà sọ fún mi pé wọ́n ti wó ilé náà, pé wọ́n ti kó màmá lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú mìíràn, àti pé níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sáré, káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ àti oògùn oṣù méjì bá a lọ. Kò sí oògùn kankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tiwa tó ń wo ọ̀dà pupa sàn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí bóyá ibì kan wà láyé tí àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ti rí ọgbọ́n dá sí i, kí wọ́n lè máa gbé ibi tí wọ́n ń gbé láìsí pé ẹnì kan yóò lé wọn. Mo rí i pé ó wà. Òkè òkun ni, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí tiwa.

Puerto Rico jẹ́ erékùṣù kan ní agbègbè tí Cuba wà, níbi tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa kan lẹ́rú lọ. Abẹ́ Amẹ́ríkà ni erékùṣù náà wà, ṣùgbọ́n èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. San Juan ni olú ìlú wọn. Odò tóóró kan gba inú ìlú yìí kọjá, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà mẹ́fà, Caño Martín Peña ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1930, ojú pọ́n àwọn àgbẹ̀ erékùṣù náà. Ìjì líle kan jà ní 1928, òmíràn jà ní 1932, oko bàjẹ́, iṣẹ́ kò sì sí. Wọ́n ya wá sí San Juan láti wá oúnjẹ òòjọ́. Wọn ò rówó ilé san, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilé pákó sí etí odò yìí, nínú igbó inú omi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Pàǹtí àti yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ń kún ilẹ̀ kó lè gba ẹsẹ̀ dúró. Ẹni tó bá mọ Mákòókò, tàbí tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi pàǹtí kún àbàtà ní Èkó, kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibẹ̀ di àdúgbò mẹ́jọ tó so mọ́ra wọn, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 20,000. Odò tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀ fún pọ̀ débi pé ní àwọn ibì kan ọmọdé lè fò ó kọjá. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní páìpù tó ń gbé omi ìgbọ̀nsẹ̀ lọ síbi tó yẹ, inú odò yìí kan náà ló ń já sí. Tí òjò ńlá bá wá rọ̀, odò kò ríbi gbà, á padà sínú yàrá àwọn ènìyàn pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti dà sínú rẹ̀.

Àwọn tó lọ ṣe ìwádìí ìlera níbẹ̀ rí i pé inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ lára wọn, àti pé ikọ́ fée, ìyẹn ásímà, ń bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ibẹ̀ jà ju àwọn ọmọ ibòmíràn ní erékùṣù náà lọ. Ti ìgbẹ́ gbuuru yé gbogbo wa. Ti ásímà ni àwọn òbí máa ń bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́. Ògiri tó bá ti mu omi kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Nǹkan dúdú dúdú kan á máa hù lára rẹ̀, bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Nǹkan yẹn máa ń tú lẹ́búlẹ́bú sínú afẹ́fẹ́, ojú kò lè rí i, ọmọ á máa fà á símú láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ ra oògùn ikọ́ títí, bí ọmọ bá ń padà sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ikọ́ ń padà bọ̀ ni. Ẹ̀fọn náà tún wà ńbẹ̀, kì í ṣe ti ibà tiwa tó ń jẹni lóru, èyí tó ń jẹni lọ́sàn-án gangan ni, tó ń gbé ibà dẹ́ńgì àti àrùn Zika tó tàn ká Puerto Rico ní 2016.

Nígbà tí ọ̀rúndún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjọba wọn ní àwọn fẹ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ àti pàǹtí inú odò náà jáde, kí omi lè máa ṣàn. Ẹ ó rò pé ijó ni kí wọ́n bẹ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ibẹ̀ wo ara wọn lójú. Àdúgbò wọn kò jìnnà sí ibi tí àwọn báńkì ńláńlá kọ́lé sí ní San Juan. Òórùn odò yẹn nìkan ni kò jẹ́ kí olówó fẹ́ ibẹ̀. Tí òórùn bá lọ, tí omi bá mọ́, ta ni yóò máa gbé etí odò? Wọ́n ti rí i ní àwọn àdúgbò mìíràn nínú ìlú kan náà pé bí wọ́n bá ti tún ibì kan ṣe tán, àwọn tí ìyà ibẹ̀ jẹ kì í sí níbẹ̀ láti jẹ ìgbádùn rẹ̀.

Láàárín 2002 sí 2004 ni wọ́n fi jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí. Ìpàdé àti àpérò oríṣiríṣi tí wọ́n ṣe lé ní 700. Mo tún iye yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́, àwa tí ìpàdé lándìlọ́ọ̀dù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù ń sú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò ni ohun tí èmi náà ì bá rò: kí ìjọba fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìwé ilẹ̀ tirẹ̀, kí oníkálukú máa gbádùn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n sì rí ihò tó wà nínú rẹ̀.

Ihò yẹn ni èmi gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì mọ̀ ju bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ fún mi lọ. Ẹni tí kò lówó kì í ta ilẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ó wù ú. Ọjọ́ tí ọmọ bá dákú, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ di iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ yẹn ni ìwé ilẹ̀ ń jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wà níbi tí bàbá kan ti tẹ ìka sí ìwé títa ilẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn, iye tí wọ́n sì fún un kò tó ìdajì ohun tí ilẹ̀ náà tó. Mi ò dá a lẹ́bi, ọmọ rẹ̀ yè. Ṣùgbọ́n bí ìdílé kan bá tà lónìí, tí òmíràn tà lọ́dún tó ń bọ̀, olówó á ti wọ àárín àdúgbò, owó ilẹ̀ á ròkè, àwọn tó kù kò ní lè dúró.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe yan ọ̀nà kẹta, èyí tí òyìnbó ń pè ní community land trust. Èmi ti fún un lórúkọ tèmi, mò ń pè é ní àjọ ilẹ̀ àjùmọ̀ní. Ní September 2004, ìjọba Puerto Rico ṣe òfin kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 489, òfin yìí ló dá àjọ náà sílẹ̀ tó sì ní kí wọ́n kó ilẹ̀ ìjọba tó wà ní àwọn àdúgbò náà lé e lọ́wọ́, nǹkan bí éékà 200. Tí a bá ka pulọ́ọ̀tì mẹ́fà sí éékà kan, ẹ ó rí i pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan pulọ́ọ̀tì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ilẹ̀ jẹ́ ti àjọ, àjọ kò sì gbọ́dọ̀ tà á láéláé fún ẹnikẹ́ni. Ilé tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti onílé. Wọ́n kọ ìwé fún onílé pé ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ilé rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ yẹn, ìwé náà wà ní ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń kọ ohun ìní sílẹ̀, kì í ṣe ìwé orí tábìlì lásán. Ó lè tún ilé náà ṣe, ó lè fi í ya owó, ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ náà lè jogún rẹ̀. Tó bá fẹ́ kúrò pátápátá, ó lè ta ilé, ṣùgbọ́n àjọ ni yóò kọ́kọ́ fi lọ̀ kó tó fi lọ ẹlòmíràn. Àwọn tó ń darí àjọ jẹ́ ìgbìmọ̀ kan tí àwọn aráàdúgbò pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n fi àwọn onímọ̀ láti ìta àti aṣojú ìjọba díẹ̀ kún un. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn tí iṣẹ́ odò yóò bá gba ilẹ̀ ilé wọn, inú àdúgbò kan náà ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n tún fún wọn nílé, kí ìyá àgbà má baà jìnnà sí àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú o. Ní 2009, lẹ́yìn tí ìjọba tuntun gorí àléfà, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó gba ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àjọ, tó dá a padà sọ́wọ́ ìjọba ìlú San Juan. Ohun tí ìjọba ìlú ń sọ fún àwọn ènìyàn dùn létí: ẹ gba ìwé yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ di onílẹ̀ gidi. Àwọn aráàdúgbò gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n jáde sí títì, wọ́n ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko. Ní 2013, òfin tuntun dá ilẹ̀ padà fún àjọ. Nígbà tó di 2015 sí 2016, wọ́n gba ẹ̀bùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní World Habitat Award. Ẹ̀bùn yẹn dára, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí wọn ò fi tú ká ni ó wú èmi lórí jù.

Ọdún 2017 ni ojú wọn tún rí òmíràn. Ní 20 September ọdún náà, ìjì líle Maria bẹ́ sórí erékùṣù yẹn, ó ṣí òrùlé káàkiri. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù ní kí àwọn ènìyàn mú ẹ̀rí wá pé ilé tó wó jẹ́ tiwọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n sì kọ̀ láti fún lówó nítorí pé wọn ò ní ìwé. Ilé tí bàbá kọ́ fúnra rẹ̀, tí ó bímọ sí, wọ́n ní kò lè fi hàn pé òun ló ni ín. Àríwísí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí débi pé ní 2021 àjọ náà yí òfin rẹ̀ padà, ó ní òun yóò máa gba oríṣi ẹ̀rí mìíràn. Ìgbà tí mo ka ìyẹn, àpótí màmá màmá mi ló wá sí mi lọ́kàn, èyí tí ìwé ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ikán ti jẹ ìdajì. Àdúgbò tó ní àjọ tirẹ̀ lẹ́yìn ìjì yẹn ní ẹni tó ń bá a ka ilé tó bàjẹ́, tó ń bá a wá tapólì àti páànù, tó mọ ilé tí arúgbó dá nìkan wà.

Odò ńkọ́? Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Òfin jáde ní 2004, ṣùgbọ́n January 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde mílíọ̀nù 163 dọ́là fún gbígbẹ́ odò náà. Ó lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí òfin jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dìbò kí owó tó yọjú, kò sì sí àjọ ilẹ̀ tó lè gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ ògiri tútù. Àjọ lè jẹ́ kí ènìyàn dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n kò lè fúnra rẹ̀ gbẹ́ gọ́tà. Ohun tó dá mi lójú ni pé bí odò náà bá mọ́ tán, àwọn tó mu omi rẹ̀ nígbà tó dọ̀tí ni yóò wà níbẹ̀.

Àwọn ará Puerto Rico kọ́ ló kọ́kọ́ dá irú àjọ yìí sílẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni, ní 1969, nítòsí ìlú Albany. Nígbà náà, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, òyìnbó onílẹ̀ lè lé e kúrò lóko lọ́jọ́ kan náà. Charles Sherrod, ìyàwó rẹ̀ Shirley, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá New Communities sílẹ̀, wọ́n ra ilẹ̀ tó lé ní éékà 5,000 kí ẹnikẹ́ni má baà lé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n fi rà á. Ọ̀dá dé, ọ́fíìsì ìjọba tó yẹ kó yá wọn lówó fà wọ́n nílẹ̀, ní 1985 ilẹ̀ náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré: òfin ló gbé ilẹ̀ fún àwọn ti San Juan láìsan owó, àwọn ti Georgia jẹ gbèsè. Ẹni tó bá ń dábàá irú nǹkan yìí fún yín, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi í ni pé ta ni yóò sanwó ilẹ̀.

Ní Áfíríkà tiwa náà, àwọn ará Kenya ti gbìyànjú. Ìlú Voi wà lójú ọ̀nà rélùwéè láti Mombasa lọ sí Nairobi. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tanzania-Bondeni, orí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ kọ́lé sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba àti àjọ Jámánì kan gbé ọ̀nà oríṣiríṣi ka iwájú wọn, wọ́n sì mú ilẹ̀ àjùmọ̀ní, nítorí pé wọ́n ti rí ibi tí wọ́n ti fún tálákà níwèé tí olówó wá rà á lọ́wọ́ wọn. Ìwé wọn falẹ̀ gan-an, nítorí òfin Kenya kò mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa nígbà náà. Ní Brazil, àwọn tó ń gbé àdúgbò tálákà ní Rio de Janeiro kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ti San Juan láti 2018, wọ́n sì ti fi sínú òfin ètò ìlú Rio ní 2024.

Mo mọ ohun tí àwọn bàbá wa tó ń ka èyí ń sọ báyìí. Wọ́n ń ní, “Nọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ẹbí ni o ń ròyìn fún wa yẹn, kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀?” Òótọ́ ni. Ẹ rántí Amodu Tijani, Olúwa ìlú Èkó, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun. Ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ wọn ní Àpápá, wọ́n ní kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé London pẹ̀lú Herbert Macaulay, ní 1921 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì dá a láre. Wọ́n ní ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí àti ará ìlú, olóyè ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni, ìjọba tó bá sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ sanwó gbà-má-bínú bó ṣe yẹ. Èyí ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú ti Georgia.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, agbọ̀n tiwa ń jò. Ti ẹbí kì í sí nínú ìwé, ẹnu ló wà, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà bá sì kú, wọ́n á gbé ààlà lọ sí ọ̀run. Òfin sọ pé olórí ẹbí kò gbọ́dọ̀ dá ilẹ̀ ẹbí tà láìjẹ́ pé àwọn olórí ojúlé fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ẹ mọ iye olórí ẹbí tó ti tà á fún ẹni mẹ́ta. Ayálégbé tó ti gbé ojúlé kan fún ogójì ọdún kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹbí. Ní San Juan, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló ń dìbò, wọn kì í béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

Èyí tó tún wá le jù ni òfin ilẹ̀ ti 1978, tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní July 1990, wọ́n fún àwọn ará Mároko ní ọjọ́ méje péré, katapílà sì dé. Àwọn tí wọ́n lé kúrò tó nǹkan bí 300,000. Àwọn òbí wà lára yín tó gbé ọmọ sẹ́yìn sá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì kan níbẹ̀ lónìí. Mi ò ní parọ́ fún yín pé àjọ ilẹ̀ ì bá gba Mároko là. Bí kò bá sí òfin lẹ́yìn rẹ̀, àjọ kò lè dá katapílà dúró. Ohun tó jẹ́ kí ti San Juan dúró ni pé wọ́n gba òfin kí iṣẹ́ odò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí kí ọ̀dà pupa dé kí ó tó ṣèpàdé ti pẹ́ jù.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa láti ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ wá lọ́yà fún ẹkúnrẹ́rẹ́. Òfin Nàìjíríà gbà kí ẹgbẹ́ tàbí ẹbí forúkọ àwọn olùtọ́jú ohun ìní sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC ní Abuja, kí orúkọ ẹgbẹ́ yẹn máa di ilẹ̀ mú. Olùtọ́jú kan kú, ẹgbẹ́ kò kú. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo ojúlé péjọ, kí ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ ẹbí kan bá ń ṣàìsàn tó nílò owó kíákíá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àdéhùn ti ń já. Ẹ fi ọmọbìnrin sínú ìgbìmọ̀, kì í ṣe láti máa se oúnjẹ ìpàdé. Ẹ wọn ilẹ̀ náà, kí ẹ gba pílánù rẹ̀. Ó ń gba owó, ó sì ń gba sùúrù. Ẹni tó ń rò pé òun fẹ́ ta ilẹ̀ ẹbí kí òun fi ra mọ́tò kò ní fẹ́ràn rẹ̀ rárá, kí ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun ni akọ̀wé.

Èyí tó kù jẹ́ iṣẹ́ tèmi. Ẹ wá ọ̀rá kan tí omi kò lè wọ̀, irú èyí tó ní ìdè lẹ́nu. Ẹ kó káàdì ilé ìwòsàn gbogbo ará ilé sínú rẹ̀, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, àti bébà tí ẹ kọ orúkọ oògùn àwọn àgbà sí pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tàbí rìsíìtì ilé. Ẹ tún fi fóònù ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń gbé ìlú mìíràn. Ẹ gbé ọ̀rá náà kọ́ síbi tí ọwọ́ tètè ń tó, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àpótí. Bí màmá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè bá ní irú rẹ̀, ì bá máa rí oògùn rẹ̀ gbà níbi tó wà báyìí láìjẹ́ pé wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò bá rí oògùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní dúró de ìgbà tí ẹ bá rílé.